Fèrèsé Tó Kọ̀ Tí Kò Ṣí: Ètò Ojú Kọ̀ǹpútà Lábẹ́ systemd

Kí ẹnikẹ́ni tó fọwọ́ kan bọ́tìnnì, ètò kan ti jí nínú kọ̀ǹpútà, ó sì ti ń jí àwọn yòókù: èyí tó ń so ẹ̀rọ mọ́ íntánẹ́ẹ̀tì, èyí tó ń bójú tó ẹ̀rọ ìtẹ̀wé, èyí tó ń tún aago ṣe. Lórí ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà Linux, systemd ni alábòójútó yìí. Lennart Poettering àti Kay Sievers ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ lọ́dún 2010. Fedora gbà á lọ́dún 2011. Nígbà tó fi máa di 2015, Debian àti Ubuntu náà ti gbà á. Bí ètò tó wà lábẹ́ rẹ̀ bá kú, ó lè jí i padà. Ìyẹn ló jẹ́ kí àwọn tó ń gbé ojú kọ̀ǹpútà kọ́ sí gbọ̀ngàn òtẹ́ẹ̀lì tàbí ilé ìwòsàn fẹ́ràn rẹ̀: bí iná bá lọ tó sì dé, wọ́n fẹ́ kí ojú ìwé tí àwọn èrò ń wò padà wá fúnra rẹ̀.

Ibẹ̀ gan-an ni wàhálà ti ń bẹ̀rẹ̀. Onímọ̀ ẹ̀rọ á kọ fáìlì iṣẹ́ kékeré kan, tó ní àṣẹ tí systemd yóò fi ṣí ètò tó ń gbé ojú ìwé náà jáde, sínú /etc/systemd/system, á pa kọ̀ǹpútà, á tún un tàn, kò ní rí fèrèsé kankan. Bẹ́ẹ̀, tó bá fọwọ́ ara rẹ̀ tẹ àṣẹ kan náà sínú terminal, fèrèsé á ṣí kíá. Ọ̀pọ̀ á gbà pé ètò náà ló bàjẹ́. Wọ́n á yọ ọ́, wọ́n á tún un fi sí i. Asán ni gbogbo làálàá yẹn, nítorí ara ètò náà le koko.

Ìtàn X, ètò tó ń ya fèrèsé sójú kọ̀ǹpútà, ló tú àdììtú náà. Ní MIT, lọ́dún 1984, wọ́n ṣe é kí ètò tó ń ṣiṣẹ́ lórí kọ̀ǹpútà kan lè ṣí fèrèsé lójú òmíràn. Nítorí náà, ètò kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ mọ ojú tí yóò lọ. Ohun àyíká (environment variable) tó ń jẹ́ DISPLAY ló ń sọ ọ́ fún un, ó sì sábà máa ń jẹ́ :0. XAUTHORITY ń tọ́ka sí fáìlì tí àṣẹ ìwọlé wà nínú rẹ̀. Níbi tí Wayland, tí Kristian Høgsberg bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 2008, bá ti gba ipò X, WAYLAND_DISPLAY àti XDG_RUNTIME_DIR ló ń ṣe iṣẹ́ náà. Ẹni tó bá wọlé sórí kọ̀ǹpútà ló ń ní gbogbo ìwọ̀nyí, ohun tó bá sì ṣí ni yóò jogún wọn. Ètò tí systemd gbé dìde nígbà tí ẹ̀rọ ń jí kò jogún ìkankan. Ìránṣẹ́ tí wọ́n gbé ẹrù lé lórí láìdárúkọ agboolé tó ń lọ fún un ni.

Àkọsílẹ̀ systemd ló yẹ kí wọ́n kọ́kọ́ kà, pẹ̀lú àṣẹ journalctl -u àti orúkọ iṣẹ́ náà. Bí "cannot open display" bá wà níbẹ̀, ọ̀rọ̀ ti yé. Ẹlòmíràn á rí "start-limit-hit", á sì dúró síbẹ̀. Ohun tí ìyẹn ń sọ kò ju pé systemd ti gbé ètò náà dìde lẹ́ẹ̀marùn-ún láàárín ìṣẹ́jú àáyá 10, ó sì ti jáwọ́. Ìdí gan-an wà lókè rẹ̀.

Oògùn kan wà tí kò yẹ kí ẹnikẹ́ni lò: àṣẹ xhost +. Ó ń ṣí X sílẹ̀ fún gbogbo ètò tó bá lè dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, èyíkéyìí tó bá sì wọlé lè máa ka ohun tí aṣàmúlò ń tẹ̀, títí kan ọ̀rọ̀ aṣínà. Irú ewu yìí ni Microsoft rí tó fi ya iṣẹ́ abẹ́lẹ̀ sọ́tọ̀ kúrò lára ojú aṣàmúlò láti Windows Vista. Apple náà ya LaunchDaemons, tí kì í ṣí fèrèsé, sọ́tọ̀ kúrò lára LaunchAgents tó ń ṣiṣẹ́ fún ẹni tó ti wọlé.

Irú ọ̀nà LaunchAgents yìí wà nínú systemd pẹ̀lú. Aṣàmúlò kọ̀ọ̀kan ní alábòójútó tirẹ̀, fáìlì rẹ̀ ń gbé inú ~/.config/systemd/user, systemctl --user sì ni wọ́n fi ń pàṣẹ fún un. Kí wọ́n so iṣẹ́ náà mọ́ graphical-session.target, àmì pé ojú kọ̀ǹpútà ti ṣetán, kì í ṣe default.target, tó lè ti dé kí ojú kọ̀ǹpútà tó ṣetán. GNOME àti KDE Plasma, àwọn ètò ńlá tó ń ṣàkóso ojú kọ̀ǹpútà, ń gbé graphical-session.target yìí dìde fúnra wọn. Lórí àwọn ètò ojú kéékèèké tí kì í ṣe é, onílò ni yóò ṣètò rẹ̀, yóò sì fi "systemctl --user import-environment DISPLAY XAUTHORITY" kún ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nígbà ìwọlé. Àwọn kan máa ń sá di loginctl enable-linger. Ìyẹn ń jí alábòójútó aṣàmúlò kí ẹnikẹ́ni tó wọlé, nígbà tí kò tíì sí ojú kankan láti ṣí fèrèsé sí. Kò wo àìsàn yìí.

Kí ẹni tó bá ní irú ojú bẹ́ẹ̀ ní gbọ̀ngàn dá aṣàmúlò kan sílẹ̀ tí kò ní agbára root, kí ó jẹ́ kí ẹ̀rọ máa wọlé fúnra rẹ̀ ní orúkọ aṣàmúlò náà, kí ó sì kó fáìlì iṣẹ́ kúrò ní /etc lọ sọ́dọ̀ rẹ̀. Bí xhost + bá ti wà níbikíbi lórí ẹ̀rọ náà, kí ó pa á rẹ́ lónìí.