Ẹni Tó Ń Ṣe Ìnáwó Ló Ni Ọtí Ibẹ̀

Lóṣù Kejì 2024, NAFDAC bẹ̀rẹ̀ sí í fòfin de ọtí inú ọ̀rá àti ti ìgò kéékèèké tí kò tó 200ml, torí ó rọrùn fọ́mọdé láti rà, kó sì fi sápò. Ṣùgbọ́n níbi ìnáwó, láti Mọ́níyà dé Lálúpọn, ọmọ kì í rà á. Àwa là ń rán an pé kó gbé e wá. Èyí tó kù nísàlẹ̀ ife ló fi ń kọ́ ọ. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi àgbàlagbà kan ti kúlà. Ẹ tètè kó ife nílẹ̀. Bí ọmọ ọlọ́mọ bá mutí yó lágbàlá yín, ẹ̀yin ni ìyá rẹ̀ máa bi.