Kí Ẹ Tó Fi Owó Ilé Ránṣẹ́ S'Ékòó

 Agboolé wo ló wà ní Ifọn tàbí ní Ìpele tí kò ní ọmọ l'Ékòó? Owó kòkó àti owó iṣu yín ni púpọ̀ nínú wọn fi ń gba yàrá. Ọ̀rọ̀ yín ni, kì í ṣe ti ará Èkó nìkan.

Bí ọmọ bá ní òun ti rí ilé pọ́ọ́kú, ẹ má tí ì yọ̀. Ẹ bi í pé: níbo ni ibi iṣẹ́ rẹ wà, kí lo máa wọ̀ débẹ̀? Ẹni tó ń gbé Agbado, tó ń ṣiṣẹ́ n'Ísàlẹ̀ Èkó, tó jẹ́ pé dánfó nìkan ló gbẹ́kẹ̀ lé, á jí kí àkùkọ tó kọ. Èrè tó rò pé òun jẹ lára owó ilé, kọ̀ńdọ́ á gbà á tán. Ẹ ní kó ro owó ilé pọ̀ mọ́ owó ọkọ̀ ọdún kan gbáko.

Ọkọ̀ ojú irin ti wà báyìí. Èyí tó ń lọ láti Màrínà sí Mile 2 bẹ̀rẹ̀ sí gbé èrò ní September 2023. Ti Agbado sí Oyingbo bẹ̀rẹ̀ ní October 2024. Ṣùgbọ́n lánlọ́ọ̀dù náà lójú. Ilé tó bá sún mọ́ ibùdókọ̀, ó mọ ohun tó máa bù lé e. Kí ọmọ wá ilé sí ìwọ̀n tó lè fẹsẹ̀ rìn, kó sì rìn ín fúnra rẹ̀ láàárọ̀ kó tó sanwó. Kó béèrè aago tí ọkọ̀ ìkẹyìn ń lọ, pàápàá bó bá ń ṣiṣẹ́ alẹ́.

Kí ló dé tó fi pẹ́ tó báyìí? Jákàǹdè, tí òun àti Bàbá Ajáṣin ti Ọ̀wọ̀ wa jọ wà nínú ẹgbẹ́ UPN, ló bẹ̀rẹ̀ irú iṣẹ́ yìí l'Ékòó ní 1983. Ìjọba ológun fagi lé e ní 1985. Ọdún 38 ló kọjá kí èrò tó wọ ọkọ̀! Ẹni tí wọ́n bí lọ́dún náà á ti bímọ tirẹ̀. Ẹ wá ń gba kóńgò ìrẹsì kan nítorí ìbò?

Ẹ tún gbọ́ èyí. Ní 2011, ìjọba Èkó ṣòfin pé onílé kò gbọdọ̀ gbà ju owó ọdún kan lọ́wọ́ ayálégbé tuntun. Wọ́n yọ Ìkòyí, Apapa, Victoria Island àti GRA Ìkẹjà sílẹ̀, ṣùgbọ́n mélòó nínú ọmọ wa ló ń gbé ibẹ̀? Bí ajẹ́ntì bá ní kó san ọdún méjì, kó ránnà òfin náà sí i létí. Òfin yẹn kan náà ló ní kí onílé fún ayálégbé ní rìsíìtì: orúkọ, ọjọ́, ilé, iye owó, àti ìgbà tí owó náà kájú.