Láti Ìjú dé Bàrígà

  

N kò fẹ́ kí ẹ̀yin ọmọ wa tí ẹ parí ẹ̀kọ́ ìmọ̀ ẹ̀rọ àyíká lónìí kúrò ní Bàrígà láìgbọ́ nípa ọmọ Èkó kan tó kọ́ iṣẹ́ yìí ṣáájú gbogbo wa. Ní 1859 ni Thomas Babington Macaulay dá CMS Grammar School sílẹ̀, ilé ẹ̀kọ́ tó wà ní Bàrígà wa yìí lónìí. Herbert ọmọ rẹ̀ kàwé níbẹ̀. Ní 1890, ó lọ sí Plymouth nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ó kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ onímọ̀ ẹ̀rọ tó ń bójú tó omi ìlú náà, ó sì padà dé ní 1893. Nígbà tó di 1908, Gómìnà Egerton fẹ́ fa omi ẹ̀rọ wọ Èkó, ó sì ní kí ará ìlú san owó omi. Inú bí ìlú. Wọ́n ní àwọn ní kànga, wọ́n ní àwọn òyìnbó lomi náà yóò kọ́kọ́ ṣe láǹfààní. Dókítà John Randle àti Dókítà Orisadipe Obasa dá ẹgbẹ́ People's Union sílẹ̀ lọ́dún náà láti tako owó yìí. Herbert Macaulay náà tako ó.

Omi mímọ́ kọ́ ni wọ́n ń bá jà. Ohun tí wọ́n ń bi ìjọba ni pé ta ni yóò sanwó, ọ̀dọ̀ ta sì lomi yóò dé. Ẹni tó kọ́ iṣẹ́ omi lọ́wọ́ òyìnbó fúnra rẹ̀ wà lára àwọn tó ń béèrè bẹ́ẹ̀. Lójú tèmi, ara iṣẹ́ ẹ̀rọ ni ìbéèrè náà. Ẹni tó ya àwòrán páìpù tí kò béèrè ilé wo lomi yóò dé gbẹ̀yìn, kò tíì parí iṣẹ́ rẹ̀.

Ilé iṣẹ́ omi ẹ̀rọ Ìjú bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1915. Adíyàn tẹ̀lé e ní 1991, wọ́n sì kọ́ ọ kó lè máa mú 70 mílíọ̀nù gálọ́ọ̀nù jáde lóòjọ́. Ẹ mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ níbẹ̀: álọ́ọ̀mù á kó ìdọ̀tí jọ, ìdọ̀tí á rọ̀ sísàlẹ̀, omi á gba inú yanrìn kọjá, chlorine á pa kòkòrò tó bá kù. Ìmọ̀ tó ti lé lọ́gọ́rùn-ún ọdún ni. Ibi tí ọkàn mi kì í ti í balẹ̀ ni ọ̀nà tó wà láàrin ibẹ̀ sí ẹnu ọ̀nà ilé yín.

Ẹ rìn ní Shipeolu, ẹ yà sí Bajulaiye, ẹ sọ̀ kalẹ̀ lọ sí Ìlàjẹ létí ọ̀sà, kí ẹ máa wo inú gọ́tà. Ẹ óò rí páìpù kéékèèké tó gba inú omi dúdú wọlé onílé; òmíràn ti ya, wọ́n fi rọ́bà dì í. Nígbà tómi bá ń sáré nínú páìpù, yóò máa tú síta lójú ibi tó ya. Ìgbà tómi bá lọ ni wàhálà dé. Agbára inú páìpù á relẹ̀, omi gọ́tà á sì máa gba ojú ihò kan náà wọlé. Bí ẹnì kan bá tún fi ẹ̀rọ ìfami sí i nítorí pé omi kò lágbára, ẹ̀gbin àdúgbò ló ń fà wọ inú kẹ́ẹ̀gì tirẹ̀ àti ti aládùúgbò. Omi náà sì lè mọ́ lójú rekete. Ìdí rèé tí a fi ń fẹ́ kí chlorine díẹ̀ ṣẹ́ kù nínú omi títí dé ẹnu ẹ̀rọ, ó kéré tán 0.2 mílígíráàmù nínú lítà kan. Níbi tó bá ti di òdo, omi yẹn kò ní ẹ̀ṣọ́ mọ́.

Ọ̀pọ̀ ilé ti gbẹ́ bóhóòlù, n kò sì dá wọn lẹ́bi. Ẹni tí òùngbẹ ń gbẹ kì í dúró de ìjọba. Ṣùgbọ́n ilé Ṣómólú há mọ́ra, sókàwéè àti bóhóòlù jọ ń gbé inú àgbàlá kan. Létí ọ̀sà, ẹni tó bá fa omi jù, omi iyọ̀ á bá a níbẹ̀. Píọ̀ wọ́tà tí a fi ń sá fún gbogbo èyí, ọ̀rá rẹ̀ ló tún ń dí gọ́tà pa. Ní oṣù Kẹfà 2024 tí àrùn onígbá méjì bẹ́ sílẹ̀ ní ìpínlẹ̀ Èkó, kò sẹ́ni tó tún ní láti ṣàlàyé fún wa ohun tómi lè fi ojú ènìyàn rí.

Nínú gbogbo nǹkan tuntun tí mo ti kà nípa iṣẹ́ wa, èyí tó wọ̀ mí lọ́kàn jù lọ kì í ṣe ẹ̀rọ olówó ńlá. Ní Dhaka, ní Bangladesh, ní àdúgbò tí èrò há sí bíi tiwa, Amy Pickering àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi ohun èlò kékeré kan sí ibi tí ọ̀pọ̀ ìdílé ti jọ ń pọnmi. Bí omi ṣe ń kọjá lára rẹ̀ ló ń mú ìwọ̀nba chlorine lọ. Kò lo iná mànàmáná, kò sì sí ohun tí ìyá ilé ní láti ṣe ju kó pọnmi rẹ̀ lọ. Wọ́n rọra dín chlorine náà kù kí ẹnu má baà kọ̀ ọ́, torí omi tó bá ń rùn, dídànù ni. Níbòmíràn, fítámì C ni wọ́n lò dípò rẹ̀ kí àfiwé lè tọ́. Nígbà tí èsì jáde nínú Lancet Global Health ní 2019, ìgbẹ́ gbuuru àwọn ọmọdé ti fi 23 nínú 100 dín kù. Ẹ rò ó wò lórí táńkì bóhóòlù kan ní Pedro tí ogójì ìdílé ń pọn. Ṣùgbọ́n chlorine á tán. Ta ni yóò rà á, ta ni yóò tún un fi sí i? Àfi kí ẹ lọ jókòó ní ìpàdé àwọn onílé lọ́jọ́ Sátidé, kí ẹ gbọ́ àròyé, kí ẹ ṣírò owó náà lójú gbogbo wọn.

Láti 1968 làwọn ará Windhoek ní Namibia ti ń mu omi tí wọ́n tún ṣe látinú omi ẹ̀gbin. Ìlú Áfíríkà ló kọ́kọ́ ṣe é láyé. Wọ́n ya omi ẹ̀gbin ilé iṣẹ́ sọ́tọ̀ kúrò lára ti ilé gbígbé, torí èyí tó ti inú ilé wá rọrùn láti tún ṣe. Ẹ wá wo àwọn atẹ̀wé wa ní Shipeolu, àwọn tó ń tẹ ìwé fún gbogbo Èkó. Omi tí wọ́n fi fọ íńkì àti kẹ́míkà, ibo ló ń lọ? Ẹ̀yin lẹ yẹ kẹ́ ẹ bá wọn wá ibi tí yóò lọ, pẹ̀lú ọ̀wọ̀, láìba oúnjẹ wọn jẹ́.

Omar Yaghi wà lára àwọn mẹ́ta tó gba ẹ̀bùn Nobel ti kẹ́mísírì ní 2025, fún èròjà tó lè fa omi jáde látinú afẹ́fẹ́ aginjù. Ìdílé àwọn tó sá kúrò nílùú wọn ni wọ́n bí i sí ní Amman, nínú ilé tí kò ní omi ẹ̀rọ. Mo dárúkọ rẹ̀ nítorí ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń pọnmi kẹ́ ẹ tó wá sí kíláàsì. Mo mọ̀ yín, mo sì mọ agogo tẹ́ ẹ ń jí.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń lọ ṣe àgùnbánirọ̀, ẹ kọ́kọ́ yẹ omi tí wọ́n bá gbé fún yín wò kẹ́ ẹ tó yẹ tẹlòmíràn. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ṣì wà nítòsí, ilé àyẹ̀wò wa kò ní ti ilẹ̀kùn mọ́ yín. Ẹ gbé omi àdúgbò yín wá nínú ìgò tẹ́ ẹ ti sè, kẹ́ ẹ kọ orúkọ òpópónà àti wákàtí tẹ́ ẹ bù ú sí i lára, kó sì dé ọ̀dọ̀ wa kílẹ̀ tó ṣú. A óò jọ kà á.