Bí A Ṣe Ń Mú Ẹ̀yìn Àwòrán Kúrò

Ọ̀rọ̀ àwòrán ni a fẹ́ bá yín sọ lónìí.

Bí a bá ń fi kọ̀ǹpútà kọ́ ọ̀pọ̀ ènìyàn, a máa ń to ọ̀rọ̀ àti àwòrán pọ̀, iná yóò sì gbé wọn sára ògiri. Ẹ jẹ́ kí a sọ pé àwòrán ìkòkò ni. Bí funfun bá yí ìkòkò náà ká bí àpótí, yóò bo ọ̀rọ̀ mọ́lẹ̀. Ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ̀wé kà yóò rí ìdajì ọ̀rọ̀, yóò sì rò pé òun ni kò mọ̀ ọ́n kà. Ẹ ò rí i pé ìyẹn kò dára?

Láti ọdún 2010 ni ọgbọ́n rẹ̀ ti wà nínú PowerPoint. Ẹ tẹ àwòrán náà, ẹ tẹ Picture Format, kí ẹ wá tẹ Remove Background. Ibi tí ó bá di àwọ̀ elésè àlùkò ni yóò lọ. Bí etí ìkòkò bá fẹ́ bá a lọ, ẹ tẹ Mark Areas to Keep, kí ẹ fa ìlà lé etí náà. Bí ó bá ti gún, ẹ tẹ Keep Changes.

Ó ku ẹyọ kan. Bí ẹ bá fẹ́ fi àwòrán náà pamọ́ lọ́tọ̀, PNG ni kí ẹ yàn, kì í ṣe JPEG. JPEG kò lè fi ẹ̀yìn àwòrán sílẹ̀ lófìfo. Àwọ̀ ni yóò fi dí i padà, funfun ni ó sì sábà máa ń jẹ́.

Ẹ dán an wò. Ọwọ́ tí ó ti kọ́ bí a ṣe ń di kálámù mú yóò mọ eléyìí náà ṣe.