Ohùn Àwọn Tó Ti Lọ: Títọ́jú Rẹ̀ àti Dídá A Lóhùn



Ọ̀rọ̀ mi dá lórí ohùn àwọn ènìyàn wa tí wọ́n ti papòdà, tí ohùn wọn ṣì wà nínú kásẹ́ẹ̀tì àti fóònù wa. Ta ni nínú wa tí kò ní ọ̀kan? Ìyá fi ohùn ránṣẹ́ lórí WhatsApp, ó fi oríkì jí ọmọ rẹ̀. Ìyá ti sùn, ọmọ kò jẹ́ pa ohùn náà rẹ́. Èmi kò ka ìyẹn sí ìwà ọmọdé. Àwòrán a máa fi ojú ẹni hàn wá, ṣùgbọ́n ohùn ni í pe orúkọ wa.

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe tòní. Ní ọdún 1922, Àlùfáà Josiah Jesse Ransome-Kuti, ọmọ Ẹ̀gbá, kọ orin tó lé ní 40 lédè Yorùbá sínú àwo ní London, fún ilé iṣẹ́ Zonophone. Ó kú ní 1930. Ọdún 1938 ni a tó bí Fẹlá, ọmọ ọmọ rẹ̀, ní Abẹ́òkúta. Ọmọ tí kò bá bàbá àgbà láyé, ó ṣeé ṣe fún un láti gbọ́ bí ó ṣe ń kọrin. Ẹ̀sìn rẹ̀ yàtọ̀ sí tiwa, ẹ̀kọ́ ibẹ̀ kan gbogbo wa.

Ní Bahia, ní ilẹ̀ Brazil, láàárín 1940 sí 1941, ọ̀mọ̀wé Amẹ́ríkà kan, Lorenzo Dow Turner, gba ohùn babaláwo Martiniano do Bonfim sílẹ̀. Ní 1943 ni bàbá náà papòdà. Ká ní ó pẹ́ díẹ̀ sí i, ohùn náà ìbá ti bọ́.

Ẹ jẹ́ kí n jẹ́wọ́ tèmi. Mo gba ohùn Olúwo tó kọ́ mi sínú kásẹ́ẹ̀tì kan, pẹ̀lú àṣẹ rẹ̀. Ó ń sun ìyẹ̀rẹ̀, àwa ọmọ awo ń dáhùn. Nígbà tí ó dé ibi tí kò yẹ kí ọ̀gbẹ̀rì gbọ́, ó ní kí n pa ẹ̀rọ, mo sì pa á. Ọdún díẹ̀ lẹ́yìn tí ó wọ káà ilẹ̀, mo ń wá kásẹ́ẹ̀tì tí n ó fi gba ìlù ọdún. N kò kọ nǹkan kan sára tirẹ̀. Mo gba ìlù lé ohùn Olúwo mi. Ohun tó ṣẹ́kù níparí kò ju pé ó wúkọ́, ó pe orúkọ mi, ó ní, "Ṣé o ń gbọ́?"

Àwọn ẹsẹ Ifá ọjọ́ náà kò sọnù. Wọ́n wà lẹ́nu mi, mo sì ti fi kọ́ àwọn ọmọ awo mi. Ṣùgbọ́n bí ohùn rẹ̀ ṣe ń gbọ̀n, ibi tó ti ń mí, ibi tó ti ń rẹ́rìn-ín, ẹnu mi kò lè dá ìyẹn padà.

Àwọn baba wa pe rédíò ní asọ̀rọ̀mágbèsì. Orúkọ náà bá kásẹ́ẹ̀tì àti fóònù mu. Bí awo bá ń sun ìyẹ̀rẹ̀, àwọn yòókù a máa dáhùn pé "Hin!", bí ó bá ṣì í, wọn a tún un ṣe. Ẹ̀rọ kò lè ṣe èyí. Nítorí náà, ẹ gba ohùn àwọn àgbà yín sílẹ̀ nígbà tí wọ́n wà láyé. Ẹ tọrọ àyè lọ́wọ́ wọn. Ohun tí wọ́n bá ní kí ẹ má gbà, ẹ má gbà á. Ẹ kọ orúkọ, ọjọ́ àti ibi sí i. Ẹ ṣe ẹ̀dà rẹ̀ sí ibi méjì tàbí mẹ́ta, nítorí fóònù a máa bọ́ sómi. Lẹ́yìn náà, ẹ jókòó tì wọ́n, kí ẹ kọ́ ọ sórí.

Kásẹ́ẹ̀tì náà ṣì wà nílé mi. Ní àárọ̀ ọjọ́ ọ̀sẹ̀ Ifá, mo máa ń gbọ́ ọ nígbà mìíràn. Bí ó bá ti ní, "Ṣé o ń gbọ́?", n ó dáhùn pé, "Mò ń gbọ́, bàbá."

Kí Ifá má jẹ́ kí ohùn àwọn àgbà wa parun. Àbọrú, àbọyè. Àṣẹ.