Ikùn Mọ́tò Kì í Ṣe Ọkọ́

(Ọ̀rọ̀ tí àwa aṣojú òṣìṣẹ́ sọ níbi ìpàdé ẹ̀ka)

Ọ̀rọ̀ ikùn mọ́tò la fẹ́ bá yín sọ lónìí. Kí ẹnikẹ́ni má rò pé ọ̀rọ̀ mẹkáníìkì nìkan ni, nítorí owó oṣù wa wà nínú rẹ̀.

Peugeot 504 tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tò ní Kaduna lọ́dún 1975, tí ọ̀pọ̀ àwọn bàbá wa fi jẹun, ikùn rẹ̀ jìnnà sí ilẹ̀. Àwọn mọ́tò kékeré tí iléeṣẹ́ ń rà fún wa nísinsìnyí kò rí bẹ́ẹ̀. Bí ènìyàn mẹ́rin bá wọ̀ ọ́ pẹ̀lú ẹrù, díẹ̀ ló kù kí ikùn rẹ̀ kan ilẹ̀. Ọ̀nà tiwa ńkọ́? Ibi tí kò bá sí kòtò, bọ́ǹpù tí àwọn aládùúgbò fi sìmẹ́ǹtì mọ fúnra wọn ló wà níbẹ̀.

Ẹni tó jìn sí kòtò, ó kọ́ ará yòókù lọ́gbọ́n. Ọ̀kan nínú àwọn awakọ̀ wa ló jìn sí i. Òkúta gbá sọ́ńpù, ìyẹn abọ́ irin tó gba ọ́ìlì dúró lábẹ́ ẹ́ńjìnì, ó sì sán. Iná pupa tó dà bí agolo epo tí ń kán tàn níwájú rẹ̀. Arákùnrin wa wò ó pé géètì iléeṣẹ́ kò jìnnà mọ́, ó ní kí òun rọra dé ibẹ̀. Kò dé ibẹ̀ tí ẹ́ńjìnì fi nọ́ọ̀kì. Lọ́jọ́ kejì, lẹ́tà jáde: oṣù mẹ́fà ni wọn yóò fi máa yọ owó ẹ́ńjìnì lára owó oṣù rẹ̀.

Àwa aṣojú yín tọ àwọn ọ̀gá lọ. A kò sọ pé arákùnrin wa kò ṣe àṣìṣe. Ohun tí a bi wọ́n ni pé, níbo ni gáádì tó yẹ kó wà lábẹ́ mọ́tò náà wà? A bá a níbi tó fẹ̀yìn ti ògiri ní ibi iṣẹ́ àwọn mẹkáníìkì. Wọ́n tú u nígbà tí wọ́n ń pààrọ̀ ọ́ìlì, wọn kò dè é padà.

A tún ṣí Òfin Iṣẹ́ ti 1974, abala 5, fún wọn. Òfin náà sọ pé kí agbanisíṣẹ́ tó yọ owó ohun tó bàjẹ́ lára owó òṣìṣẹ́, ó gbọ́dọ̀ jẹ́ pé àmọ̀ọ́mọ̀ṣe tàbí àìbìkítà òṣìṣẹ́ náà ló fà á, kí òṣìṣẹ́ ìjọba tí òfin fún láṣẹ sì ti kọ́kọ́ fọwọ́ sí i nínú ìwé. Gbogbo ohun tí wọ́n bá sì yọ lóṣù kan kò gbọdọ̀ ju ìdá kan nínú mẹ́ta owó oṣù náà lọ. Wọn kò gba ìwé kankan lọ́wọ́ ìjọba. Wọ́n gba lẹ́tà wọn padà. Ṣùgbọ́n wọ́n fún arákùnrin wa ní ìwé ìkìlọ̀ nítorí iná pupa tó rí tí kò dúró, àwa náà sì gbà pé ó tọ́.

Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí a ṣe èyí tó wà lọ́wọ́ wa.

Ìkíní, gáádì. Irin pẹlẹbẹ tó nípọn tó mìlímítà 3 dára. Ike dúdú tó bá ọ̀pọ̀ mọ́tò wá, ẹrẹ̀ àti omi ló ń dènà, òkúta yóò fọ́ ọ. Bóòtù ni kí wọ́n fi dè é mọ́ egungun mọ́tò, kì í ṣe mọ́ sọ́ńpù. Kí wẹ́dà má jó o mọ́ ọn, nítorí ọjọ́ àtúnṣe. Kí àyè wà láàárín gáádì àti sọ́ńpù, kí ihò sì wà tí a ó fi máa yọ ọ́ìlì, tí afẹ́fẹ́ yóò fi máa wọlé. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, kí wọ́n tún àwọn bóòtù náà fún kí wọ́n le.

Ìkejì, ẹrù. Sípíríngì ló ń gbé mọ́tò dúró, kì í ṣe ṣọ́ọ̀kù. Bí sípíríngì bá ti rẹ̀, tàbí tí ẹrù bá pọ̀ jù, gáádì fúnra rẹ̀ ni yóò máa wọ́ nílẹ̀. Ẹ máa wo afẹ́fẹ́ táyà pẹ̀lú.

Ìkẹta, wíwà. Kí ẹ tó dé kòtò ni kí ẹ ti tẹ bíréèkì. Nígbà tí táyà bá ń wọ̀ ọ́, kí ẹsẹ̀ yín ti kúrò lórí rẹ̀, nítorí bíréèkì a máa tẹ imú mọ́tò mọ́lẹ̀. Ẹ má ṣe fi òkúta sáàárín táyà méjèèjì kọjá. Ibi tí tírélà bá ti gbẹ́ ipa jìn, ẹ jẹ́ kí táyà gba orí ibi gíga.

Ìkẹrin, bí ohunkóhun bá gbá ikùn mọ́tò, ẹ dúró síbi tí kò séwu, ẹ pa ẹ́ńjìnì, ẹ bẹ̀rẹ̀ wò ó. Bí ọ́ìlì bá ń kán tàbí tí iná pupa bá tàn, ẹ má ṣe sítáàtì rẹ̀ mọ́. Kí iléeṣẹ́ wá fà á. Owó fífà kò tó owó ẹ́ńjìnì. Kí ẹnikẹ́ni má sì rá wọ abẹ́ mọ́tò tí jáàkì nìkan gbé dúró. Ẹ̀mí ju sọ́ńpù lọ.

Ìkarùn-ún, ìwé. Láràárọ̀, kí a tó gba kọ́kọ́rọ́, ẹ jẹ́ kí a wo abẹ́ mọ́tò. Bí gáádì kò bá sí, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, kí ọ̀gá mẹkáníìkì fọwọ́ sí i, kí ẹ sì tọ́jú ẹ̀dà tiyín. Ẹ̀ka wa yóò béèrè lọ́wọ́ àwọn ọ̀gá pé kí gáádì wà lára ohun tí ìwé àyẹ̀wò àràárọ̀ ń béèrè.

Ọkọ́ la fi ń gbẹ́ ilẹ̀, ẹnìkan kì í fi ikùn mọ́tò gbẹ́ ẹ. Ojú ni alákàn fi ń ṣọ́rí. Kí àwa náà fi ojú ṣọ́ iṣẹ́ wa, kí a má sì jẹ́ kí wọ́n fi owó oṣù òṣìṣẹ́ dí kòtò tí kì í ṣe òun ló gbẹ́ ẹ.