Àkàyé Inú Ìdánwò JAMB: Kí Ọmọ Wa Kà Á Kó Yé E

(Ọ̀rọ̀ tí a bá ẹgbẹ́ sọ ní ọjọ́ àjọ̀dún)

Ẹgbẹ́ ní kí àwa tí a ń kọ́ àwọn ọmọ yín ní lẹ́sìn ìrọ̀lẹ́ wá sọ̀rọ̀ díẹ̀. A ò ní pẹ́, torí a mọ̀ pé ọbẹ̀ ti ń ta sánsán.

Bí èsì JAMB bá jáde, ohun tí a sábà máa ń gbọ́ lẹ́nu àwọn ìyá ni pé, "Ọmọ mi mọ̀wé, kí ló wá dé tí máàkì ò pé?" Òótọ́ ni, ọmọ náà mọ̀wé. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ló ń jábọ́ níbi àkàyé, ìyẹn ibi tí wọ́n ti ní kí ọmọ ka àyọkà Gẹ̀ẹ́sì, kó sì dáhùn ìbéèrè lórí rẹ̀. Kò sì sí ẹni tó lè sá fún Gẹ̀ẹ́sì, ì báà jẹ́ dókítà lọmọ fẹ́ dà, ì báà jẹ́ lọ́yà. Máàkì 100 ló wà níbẹ̀ nínú 400.

Wákàtí 2 ni wọ́n fún ọmọ láti dáhùn ìbéèrè 180: 60 ti Gẹ̀ẹ́sì, 40 fún ọ̀kọ̀ọ̀kan iṣẹ́ mẹ́ta yòókù. Ẹ̀yin tí ẹ mọ owó í ṣírò, ẹ bá wa pín in: ìṣẹ́jú àáyá 40 ló kan ìbéèrè kan. Láti 2015, orí kọ̀ǹpútà nìkan ni wọ́n ti ń ṣe é, kò sí pé à ń fi bírò fàlà sábẹ́ ọ̀rọ̀. Ìbẹ̀rù àkókò ló ń jẹ́ kí ọmọ sáré kà á, tí á wá máa méfò.

Ẹ jẹ́ ká fi ọjà ṣe àpẹẹrẹ. Ká ní àyọkà sọ pé òjò rọ̀ mọ́jú, ọ̀nà bàjẹ́, ọkọ̀ tó ń kó tòmátì bọ̀ pẹ́ kó tó dé, tòmátì sì wọ́n lọ́jọ́ náà. Wọ́n wá béèrè pé, gẹ́gẹ́ bí àyọkà ṣe wí, kí ló mú tòmátì wọ́n? A ní òjò bà á jẹ́ lóko. B ní ọkọ̀ pẹ́ dé. C ní àwọn tó ń tà á fowó lé e. D ní oníbàárà pọ̀. Ọmọ tó dàgbà sídìí àtẹ tòmátì mọ̀ pé òjò máa ń bà á jẹ́. Kíá, ó ti mú A. Bẹ́ẹ̀ àyọkà ò sọ ohun tó jọ bẹ́ẹ̀! B ni ìdáhùn. Ohun tó mọ̀ gan-an ló ṣì í lọ́nà. Ẹ̀yin ọmọ wa, ohun tí ìwé sọ ni kẹ́ ẹ dáhùn, kì í ṣe ohun tẹ́ ẹ ti mọ̀ látilé.

Èkíní, ẹ kọ́kọ́ yára wo ìbéèrè kẹ́ ẹ tó ka àyọkà. Ẹni tó mọ ohun tó fẹ́ rà kì í yí gbogbo ọjà po.

Èkejì, ìdáhùn tẹ́ ẹ bá mú, ẹ wá ìlà tó gbè é lẹ́sẹ̀ nínú àyọkà. Bí ẹ ò bá rí i, ẹ tún un wò.

Ẹ̀kẹta, ẹ ṣọ́ àwọn ọ̀rọ̀ kéékèèké bíi "not", "except" àti "however". Wọ́n kéré lóòótọ́, àmọ́ wọ́n ń yí ìtumọ̀ padà.

Ẹ̀kẹrin, bí wọ́n bá béèrè ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ kan, ẹ wo bí wọ́n ṣe lò ó níbẹ̀. Ọjà tí a ń lọ kọ́ ni ọjà tí a ń tà.

Ẹ̀karùn-ún, èyí tó bá le, ẹ fò ó ná, kẹ́ ẹ padà sí i.

Ìwé ìtàn tí JAMB máa ń yàn náà tún wà ńlẹ̀. Ní 2024, The Life Changer tí Khadija Abubakar Jalli kọ ni. Ní 2025, The Lekki Headmaster tí Kabir Alabi Garba kọ ni. Ẹ wádìí ti ọdún yín, kẹ́ ẹ sì ka ìwé náà fúnra rẹ̀ tán. Ìkékúrú tí wọ́n ń tà kiri ò tó.

Ó wá kan ẹ̀yin ìyá wa. Ẹ má sọ pé ẹ ò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Lójoojúmọ́, ẹ ní kí ọmọ ka ojú ìwé kan, kó sì fi Yorùbá sọ ohun tó kà fún yín. Ẹ bi í pé: Ta ló ṣe é? Kí ló fà á? Níbo lo ti rí i? Bó bá ń wo òkè, tó ń wo ilẹ̀, kò tíì yé e nìyẹn. Ẹ̀yin tí ẹ máa ń mọ̀ bí oníbàárà ò bá sọ òtítọ́, ṣé ti ọmọ yín lẹ ò ní mọ̀?

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tètè máa dá wọn sílẹ̀ nídìí àtẹ. Ọmọ tó ń kó igbá wọlé ní aago mẹ́sàn-án alẹ́, oorun ni yóò kà, kì í ṣe ìwé. Ẹni tó bá sì ní òun ń ta ìdáhùn, ẹ má fún un ní kọ́bọ̀. Owó ẹgbẹ́ tẹ́ ẹ yá láti fi ra ọjà kò gbọdọ̀ bá a lọ. JAMB máa ń fagi lé èsì ẹni tó bá ṣe màgòmágó, gbèsè yẹn á sì wà lọ́rùn yín síbẹ̀.

Ọlọ́run yóò jẹ́ ká jèrè ọmọ o. Àṣèyí ṣàmọ́dún.